Ajílẹ̀ ni Oògùn Ilẹ̀: Ìtàn Igi Gójì àti Àwọn Àgbẹ̀ Ningxia

Bí a bá dárúkọ ìtàn, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé ogun àti oyè nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé: ta ni ó jọba, ta ni ó ṣẹ́gun ta, ọdún wo ni wọ́n tẹ ìlú dó. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti máa lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan dé èkejì, mo ti gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ títí etí mi fi kún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí àwọn ọba wọ̀nyí tẹ̀, tí àwọn ọmọ-ogun wọn jẹ èso rẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé ọ̀kọ̀, kì í sábà rí ẹni kọ ìtàn tirẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ kan ni mo fẹ́ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ náà jìnnà sí wa púpọ̀. Igi kékeré kan ni ó sì mú mi dé ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà lára ọgbà tí mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìkàwé. Ẹ̀ka rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ bí ọrun. Òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Nígbà tí ìgbà ooru ibẹ̀ bá sì ń parí lọ, yóò so èso pupa wẹ́wẹ́ tí ó jọ ata. Ẹni tí mo bi léèrè sọ fún mi pé "igi tíì ti Ìjòyè Argyll" ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín pa mí. Ní ọ̀rúndún 18, Archibald Campbell, ẹni kẹta tí ó jẹ oyè Argyll, fẹ́ràn láti máa kó igi ilẹ̀ òkèèrè jọ sínú ọgbà rẹ̀. Wọ́n ní àkọlé igi tíì àti àkọlé igi yìí ni ó ṣèèṣì pààrọ̀ ara wọn, láti ọjọ́ náà ni orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ní tirẹ̀, sọ ọ́ ní Lycium barbarum ní 1753. Àwọn Òyìnbó mìíràn ń pe èso rẹ̀ ní èso ìkookò. Àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ni ín ń pè é ní gouqi. Láti inú èyí ni ọjà ayé ti yọ orúkọ gójì tí a ó máa lò níhìn-ín.

Ẹni tí ó bá ti gbin ata rí kì í ṣe àlejò sí igi yìí. Ìdílé kan náà ni òun àti ata, àti tòmátì, àti ikàn, àti tábà, àti ẹ̀fọ́ òdú tí àwọn àgbà ní kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé igi ni òun, ọdún púpọ̀ ni ó sì ń lò lórí ilẹ̀ kan. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so ní oṣù kẹfà, kì í so lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì dákẹ́. Òdòdó, èso tútù àti èso pípọ́n a máa wà lórí ẹ̀ka kan náà lójú kan. Ọ̀sẹ̀ kan kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí àwọn olùká tó tún padà sí ìdí rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ká a, hóró kọ̀ọ̀kan. Wọ́n a sá a gbẹ; wọ́n a fi sínú tíì, sínú ọbẹ̀, sínú ẹ̀kọ ìrẹsì. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà gbà á ní oògùn ojú àti oògùn ẹ̀dọ̀ láti ayébáyé, ó sì wà nínú ìwé egbòogi ńlá Li Shizhen tí a tẹ̀ jáde ní 1596. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ga jùlọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Zhongning ní Ningxia.

Ningxia wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà. Aṣálẹ̀ Tengger wà ní apá kan rẹ̀, aṣálẹ̀ Mu Us ní apá kejì. Òjò tí ń rọ̀ ní apá àríwá rẹ̀ ní odidi ọdún kò ju nǹkan bí 200 mìlímítà lọ. Òjò oṣù kẹfà nìkan ní ìlú Èkó a máa ju èyí lọ. Bí kò bá sí Odò Huang He, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Odò Aláwọ̀ Ìyeyè, kò sí ohun tí ènìyàn ì bá wá dé ibẹ̀. Odò náà a máa gbé erùpẹ̀ láti orí òkè wá, bí ó sì ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà ó ti pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nípa àkúnya. Ṣùgbọ́n ní Ningxia ó ń rọra lọ. Láti ìgbà ìjọba Qin àti ìjọba Han, ó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọ̀nà fún omi rẹ̀ wọ inú oko. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà omi wọ̀nyí ṣì ń ṣiṣẹ́, ní 2017 ni a sì kọ wọ́n mọ́ àwọn iṣẹ́ ìbomirinko tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Òwe wà lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà tí ó sọ pé Ningxia nìkan ni Odò Huang He sọ di ọlọ́rọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọrọ̀ náà wá láìní gbèsè nínú. Omi odò kò ṣàìní iyọ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ náà pẹ̀lú sì ní tirẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá fa omi lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Yóò kù sójú ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń bu omi sí oko láìla ọ̀nà tí omi yóò gbà jáde, omi abẹ́ ilẹ̀ yóò máa ga sókè, yóò sì máa gbé iyọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ bọ̀, títí ojú oko yóò fi funfun báláú. "Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù" ni òwe wa wí. Ní Ningxia, ẹni tí ó da omi síwájú tí kò la ọ̀nà fún un láti jáde, ilẹ̀ iyọ̀ ni yóò tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn ni kò lè gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gójì lè gbà á dé ìwọ̀n kan, nítorí náà ni ó fi wọ àwọn ará ibẹ̀ lára. Ìwé ìtàn agbègbè Zhongwei, tí a kọ nígbà tí Qianlong jẹ́ ọba ní ọ̀rúndún 18, sọ pé ní àyíká Ning'an, tí ó wà ní Zhongning òde òní, ìdílé-ìdílé ni ó ní ọgbà gójì tirẹ̀.

Kí ni ó wà nínú ilẹ̀ yìí, kí ni kò sì sí? Ìdí ọ̀rọ̀ wa nìyí, mo sì bẹ olùkàwé kí ó fara balẹ̀ níbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ewéko ń jẹ jù nínú ilẹ̀: náítírójìn tí ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, fọ́sífétì tí ń ran gbòǹgbò àti òdòdó lọ́wọ́, àti pọ́táṣì tí ń jẹ́ kí èso gbó kí ó sì dùn. Erùpẹ̀ Ningxia kò ṣaláìní pọ́táṣì. Ẹfun sì pọ̀ nínú rẹ̀, ìwà rẹ̀ sì jọ ìwà káún ju ìwà ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ewé àti koríko tí ń jẹrà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí pé aṣálẹ̀ kì í so ewé púpọ̀. Ibi tí kò bá sì sí ohun tí ń jẹrà, náítírójìn kì í pẹ́ tán. Ní ti fọ́sífétì, ẹfun a máa dì í mú bí ẹni dì í lókùn, tí gbòǹgbò kò fi ní í rí i fà. Àgbẹ̀ tí ó ń ká gójì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kẹfà títí di ìgbà òtútù ń kó ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ nínú agbọ̀n rẹ̀, ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Àwọn ará ìṣáájú mọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ náítírójìn. Ìgbẹ́ àgùntàn, tí ó pọ̀ ní Ningxia nítorí àwọn darandaran, àti èérún tí ń kù lẹ́yìn tí a bá ti fún òróró tán, irú èyí tí kúlíkúlí jẹ́ sí òróró ẹ̀pà, ni wọ́n ń rì mọ́ ìdí gójì. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ èrò tí ó wà lẹ́yìn àṣà yìí, a ní láti fi Ningxia sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí a lọ sí gúúsù, sí ẹ̀bá Odò Yangzi, níbi tí ẹnìkan tí ń jẹ́ Chen Fu ti kọ ìwé kan nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní 1149. Ní ọdún náà, Ningxia kò tilẹ̀ sí lábẹ́ ọba tirẹ̀. Abẹ́ ìjọba àwọn Tangut ni ó wà. Nínú ìwé náà Chen Fu dá àwọn kan lóhùn tí wọ́n ní ilẹ̀ tí a bá ti dá fún ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ó ní wọn kò rò ó jinlẹ̀. Bí a bá ń bu erùpẹ̀ ọlọ́ràá kún un, tí a sì ń fi ajílẹ̀ tọ́jú rẹ̀, agbára ilẹ̀ yóò máa di ọ̀tun nígbà gbogbo.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e. Chen Fu sọ pé àwọn àgbẹ̀ a máa pe ajílẹ̀ ní oògùn, nítorí pé bí a ti ń lo oògùn ni a ṣe ń lò ó: ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àrùn tirẹ̀, àrùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Kò sí oníṣègùn tí yóò fún aláboyún àti ọmọ ọwọ́ ní àgbo kan náà. Ó tún gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́ ahéré ajílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, kí etí òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ àti òjò má baà wọlé, nítorí pé ajílẹ̀ tí ìràwọ̀ àti òṣùpá bá ti rí kò ní ọ̀rá mọ́. Ẹni tí ó bá kàwé lóde òní lè fi ìràwọ̀ àti òṣùpá ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ bá ń jẹrà, náítírójìn inú wọn a máa di amóníà, ohun náà tí ń ta ni nímú ní ilé ìtọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ yóò gbé e lọ, òjò yóò sì fọ ìyókù. Ọlọ́gbọ́n náà mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ahéré yìí sọ́kàn. A ó tún padà dé ibẹ̀.

Ní 1909, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Franklin Hiram King, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka ìjọba tí ń ṣètò ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, gbéra lọ wo bí àwọn ará Ṣáínà, Kòríà àti Japan ṣe ń dáko lórí ilẹ̀ kan náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí kò sì ṣá. Ó rí i pé wọn kì í sọ nǹkan nù. Ẹrẹ̀ inú ọ̀nà omi, eérú, ewé, gbogbo rẹ̀ ni ó ń padà sí oko. Ní àríwá Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń sùn lórí ibùsùn amọ̀ tí a ń dá iná sí lábẹ́ nígbà òtútù, bí èéfín bá ti wọ amọ̀ náà lára fún ọdún mélòó kan, wọ́n a wó ibùsùn náà, wọ́n a sì lọ̀ ọ́ dà sí oko. Ó ṣe àkọsílẹ̀ pé ní 1908, ní agbègbè àwọn àjèjì ní Shanghai, agbaṣẹ́ṣe kan ará Ṣáínà san 31,000 dọ́là owó wúrà kí a lè yọ̀ǹda fún un láti kó 78,000 tọ́ọ̀nù ìgbẹ́ ènìyàn. Ní ìlú Èkó àtijọ́, ìlú ni ó ń sanwó fún agbépòó. Ní Shanghai, agbépòó ni ó ń sanwó fún ìlú. King kú ní 1911 kí ìwé rẹ̀ tó jáde. Aya rẹ̀ ni ó rí sí títẹ̀ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Ní 1840, Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ohun alumọ́ni inú ilẹ̀ ni ewéko ń jẹ. Lọ́wọ́ Carl Sprengel, ará ìlú rẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀, ni òfin kan ti wá tí Liebig sọ di òkìkí: ohun tí ó kéré jù nínú oúnjẹ ewéko ni yóò díwọ̀n ìkórè rẹ̀. Àwọn olùkọ́ a máa fi àgbá onípákó ṣe àpèjúwe rẹ̀. Bí pákó kan bá kúrú láàárín àwọn yòókù, ibi tí ó kúrú dé ni omi yóò dé, bí àwọn yòókù ga tó òrùlé. Liebig yin àwọn ará Ṣáínà pé wọ́n ń dá ohun tí wọ́n mú padà fún ilẹ̀. Ó sì bínú sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní wọ́n ń ja ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn lólè, wọ́n tilẹ̀ ń wú egungun àwọn tí ó kú lójú ogun Waterloo láti fi lọ̀ ọ́ sí oko wọn.

Egungun kò tó, ni wọ́n bá yíjú sí ìgbẹ́ ẹyẹ òkun. Ní erékùṣù Chincha lẹ́bàá Pérù, níbi tí òjò kì í sábà rọ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ ti kó jọ di òkè. Láti nǹkan bí 1840 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o lọ sí Yúróòpù. Ta ni ó ń wà á? Láti 1849 títí di 1874, nǹkan bí 100,000 ará Ṣáínà ni a kó lọ sí Pérù pẹ̀lú ìwé àdéhùn, bí ìwọ̀fà tí kò sí ẹni tí yóò rà á padà. Ọ̀pọ̀ wọn lọ sí oko ìrèké àti oko òwú. Àwọn mìíràn bá ara wọn nínú eruku ìgbẹ́ ẹyẹ ní Chincha, nínú wọn ni a sì ti rí àwọn tí ó bẹ́ sínú òkun láti pa ara wọn. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibí ni ó máa ń dùn mí jù. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó mọ ajílẹ̀ jù láyé ni a kó kọjá òkun láti lọ wa ajílẹ̀ fún oko ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí 1909. Bí King ti ń rìn láàárín àwọn àgbẹ̀ Ṣáínà ní ọdún náà ni Fritz Haber, ní ìlú Karlsruhe ní Jámánì, rí amóníà tí ń kán tótó láti inú ẹ̀rọ rẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ lásán ni ó ti fa náítírójìn rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ yìí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ náítírójìn dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Carl Bosch sọ ẹ̀rọ kékeré náà di ilé-iṣẹ́ ńlá ní Oppau ní 1913. Ogun Àgbáyé Kìíní kọ́kọ́ gbà á fún ohun ìjà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun, ajílẹ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú àpò.

Kò pẹ́ tí ó fi dé Ṣáínà. Àwọn àgbẹ̀ etí òkun sọ ajílẹ̀ funfun náà ní ìyẹ̀fun tí ń mú oko sanra. Hou Debang, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì wọn tí ó kàwé ní Amẹ́ríkà, wà nídìí ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Nanjing ní 1937. Ọdún kan náà ni ogun Japan dé bá a. Ní 1958, ìjọba Mao Zedong kọ ohun mẹ́jọ sílẹ̀ tí yóò sọ iṣẹ́ àgbẹ̀ di ńlá; ajílẹ̀ ni ó ṣe ìkejì. Àṣẹ ti òkè wá, ìyàn ti ìsàlẹ̀ dáhùn. Láàárín 1959 àti 1961 ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ni ebi pa kú. Orílẹ̀-èdè tí ojú rẹ̀ ti rí irú èyí, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé kò ní í fi ọwọ́ kékeré mú ajílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tàn káàkiri tí ń ṣe irú ajílẹ̀ amóníà kan tí ó rọrùn láti ṣe, ṣùgbọ́n tí ń fò lọ láti inú àpò rẹ̀ kí ó tó dé oko. Ọgbọ́n ahéré Chen Fu kò tíì bá ayé mu tó báyìí rí. Lẹ́yìn ìgbà tí Nixon ààrẹ Amẹ́ríkà bẹ̀ wọ́n wò ní 1972, wọ́n paṣẹ ilé-iṣẹ́ yúríà ńláńlá 13 láti òkè òkun. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, kò sí orílẹ̀-èdè tí ń lo ajílẹ̀ náítírójìn tó Ṣáínà.

Ó bọ́ ebi lọ́wọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó jẹun yó fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ.

Ẹ wo ohun tí yúríà ń ṣe ní oko gójì. Bí a bá wọ́n ọn sójú ilẹ̀ tí ó jọ káún, kíá ni ó di amóníà, afẹ́fẹ́ yóò sì gba ìpín tirẹ̀. Àgbẹ̀ rí i pé ewé kò tutù tó, ó fi kún un. Apá tí kò fò lọ di iyọ̀ náítírójìn tí kì í lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Nígbà tí omi ọ̀nà odò bá dé, yóò tẹ̀ lé omi lọ sísàlẹ̀ ju ibi tí gbòǹgbò dé, sínú omi abẹ́ ilẹ̀, àti láti ibẹ̀ padà sí Odò Huang He. Èyí tí igi rí jẹ, tí ó bá ti pọ̀ jù, ewé àti ẹ̀ka rírọ̀ ni yóò fi ṣe, kì í ṣe èso. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ewé mu fẹ́ràn ẹ̀ka rírọ̀ bí ọmọdé ti fẹ́ràn àádùn. Àgbẹ̀ tí ó ra ajílẹ̀ lánàá yóò tún ra oògùn apakòkòrò lónìí. Nígbà mìíràn ewé tuntun yóò máa pọ́n bí ìyeyè, iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò tutù. Irin ni igi ń fẹ́. Irin wà nínú ilẹ̀ náà, ìwà káún ni kò jẹ́ kí gbòǹgbò rí i mú. Pákó tí ó kúrú nínú àgbá nìyẹn. Bí a bá da yúríà kún inú ilé, kò ní í mú un gùn sí i.

Kí ni ó ń lé àgbẹ̀ ṣe èyí? Kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan. Iye hóró tí ó wà nínú 50 gíráàmù gójì gbígbẹ ni wọ́n fi ń ya ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jà: 180 dára ju 220 lọ, 220 dára ju 280 lọ. Hóró ńlá ni owó ńlá. Ọjà kì í tọ́ ọ wò bóyá ó dùn kí ó tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó sì ti fi owó yá ilẹ̀, tí ó ní láti sanwó fún àwọn olùká, kò ní í fẹ́ kí ti aládùúgbò òun tóbi ju ti òun lọ.

Mo ti rí irú rẹ̀ nílé. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo lọ bẹ̀ wò, àwọn ọmọ kíláàsì kan fẹ́ kí àgbàdo tiwọn borí ti kíláàsì kejì nígbà tí alábẹ̀wò bá dé. Wọ́n bu ajílẹ̀ lẹ́kùn-únwọ́, wọ́n dà á sí ìdí àgbàdo kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ewé ti jó láti etí wọnú, ó gbẹ bí ẹni fi iná rà á. Ajílẹ̀ òyìnbó, iyọ̀ ni. Iyọ̀ tí ó bá pọ̀ nítòsí gbòǹgbò a máa fa omi kúrò lára rẹ̀ dípò kí ó fún un. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Èmi tí wọ́n torí mi ṣe é kò lè bínú sí wọn. Ní Ningxia, níbi tí iyọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ajílẹ̀ tó dé, ọ̀rọ̀ náà wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tún ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Nígbà tí igi gójì bá di arúgbó tí a hú u, tí a sì gbin òmíràn síbẹ̀, ọmọ igi náà kì í sábà ṣe dáadáa. Àrùn inú ilẹ̀ ti mọ ilé rẹ̀, oúnjẹ ilẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà ni gójì ṣe ń wá ilẹ̀ tuntun kiri: ní Qinghai, ní Gansu, àti ní Hongsipu ní Ningxia fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fa omi Huang He gòkè láti nǹkan bí 1998 kí àwọn tálákà tí ó ṣí wá láti àwọn òkè gúúsù lè rí ilẹ̀ dá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí, Mùsùlùmí Hui ni wọ́n. Ilẹ̀ tí a fún wọn, yanrìn ni. Bí yanrìn náà bá ṣá lọ́wọ́ wọn, ibo ni wọn yóò tún ṣí lọ?

Ìjọba Ṣáínà rí i. Láti 2005 ni wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ wò kí a tó sọ ìwọ̀n ajílẹ̀ tí ó tọ́ sí i. Ní 2015, nígbà tí gbogbo ajílẹ̀ tí orílẹ̀-èdè náà ń lò lọ́dún ti lé ní 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, wọ́n kéde pé kò gbọdọ̀ pọ̀ sí i mọ́ tí ó bá di 2020. Ní 2020 ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 52.5 mílíọ̀nù. Ní 2017 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn tí ń gbin èso, ẹ̀fọ́ àti tíì lọ́wọ́ kí wọ́n lè fi ìgbẹ́ ẹran rọ́pò díẹ̀ nínú ajílẹ̀ inú àpò. Mi ò sọ pé ìgbẹ́ ẹran tó láti ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìgbẹ́ nìkan bọ́ orílẹ̀-èdè tí ó ní ju bílíọ̀nù kan ènìyàn lọ, kí ó kọ́kọ́ ka iye àgùntàn tí yóò ní. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ń mú ohun kan wá tí yúríà kò ní: ohun tí ń jẹrà, tí ń mú erùpẹ̀ rọ̀, tí ń di omi mú, tí ó sì ń bá káún jà kí irin àti fọ́sífétì lè bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ìkórè ìkẹyìn bá ti tán ní Zhongning, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, àgbẹ̀ a máa gbẹ́ kòtò yí igi ká, kì í ṣe ní ìdí rẹ̀ gan-an, bí kò ṣe ní ibi tí òjìji ẹ̀ka rẹ̀ parí sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹnu gbòǹgbò wà. Yóò bu ìgbẹ́ àgùntàn tí ó ti jẹrà sí i, àti èérún òróró, pẹ̀lú ìwọ̀n ajílẹ̀ òyìnbó tí ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ bá kọ fún un, yóò sì fi erùpẹ̀ bò ó kí afẹ́fẹ́ má rí i. Ní oṣù kọkànlá wọn yóò ṣí ọ̀nà omi fún ìgbà ìkẹyìn nínú ọdún. Omi yóò bo oko, yóò rin ilẹ̀ jìnnà, yóò sì ti iyọ̀ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òtútù dé, tí ilẹ̀ dì bí òkúta, tí kò sí iṣẹ́ kankan ní oko títí di oṣù kẹta.